Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Lójú Òkun

"Bátìrì kan ni Ìwé Òfin sọ, bátìrì kan náà ni ẹ máa gbé," ni Ìbídùn wí, ó sì fi ìka tẹ ojú ewé náà bí ẹni tó fẹ́ kí ó bú sẹ́kún.

Ládiméjì ọkọ rẹ̀ dúró níwájú tábìlì, ó há akoto awakọ̀ bàálù mọ́ abíyá. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ilé ìṣọ́ pápá bàálù Òkè-Àwòrò láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì àti Elétí, ẹ̀rọ kékeré aláwọ̀ eérú tó jókòó sórí tábìlì, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ènìyàn bá sọ nínú yàrá, tó sì ń fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ sí Ilé-Iṣẹ́ Òfurufú ní olú-ìlú.

"Ìbídùn, ojú ọjọ́ ti ń yí," ni Ládiméjì wí. "Atẹ́gùn lè dojú kọ mí lójú òkun. Bátìrì kejì wà ní àká, eruku lásán ló ń bò ó."

"Òkè-Àwòrò sí Orí-Omi: kìlómítà irínwó ó lé mẹ́wàá, ìṣẹ́jú méjìlélọ́gọ́rin. Bátìrì kan gbé e tán, ó tún ṣẹ́ kù. Ṣé èmi ni mo kọ Ìwé ni? Bí ẹ bá ní ìdí mìíràn, ẹ sọ ọ́, kí Elétí gbọ́, màá sì fọwọ́ sí i."

Ládiméjì wo ẹ̀rọ náà. Iná méjì ló wà lórí rẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ òótọ́, iná àwọ̀ ewé á tàn. Bó bá purọ́, iná pupa. Láti ọdún tí wọ́n ti gbé e dé ni àwọn òṣìṣẹ́ pápá bàálù ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Ọkùnrin náà la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó gbé akoto rẹ̀ dé orí.

"Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Iná àwọ̀ ewé tàn.

Ìdí tí kò ṣeé sọ létí ẹ̀rọ, kí ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe obìnrin? Bí Ìbídùn ṣe rò ó nìyẹn. Ọkọ tó ń gbéra láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń fi ìṣẹ́jú méjìlélọ́gọ́rin rin ọ̀nà rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ló ṣàdédé ń fi ìṣẹ́jú mọ́kànléláàádọ́rùn-ún rìn ín láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lé sí i. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, èsì kan náà ló ń ti Orí-Omi wá, kíkọ ni, kì í ṣe sísọ, torí Elétí kì í kàwé, ohùn nìkan ni tirẹ̀: "Bàálù Kejìlá yípo lókè fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó ń dúró de àyè ìbalẹ̀. Èmi Ṣaléwá ni mo fọwọ́ sí i."

Àyè wo? Orí-Omi, ìlú tó léfòó sórí òkun, tí wọ́n fi ṣéènì dè mọ́ ìsàlẹ̀ omi, bàálù kan péré ló ń balẹ̀ síbẹ̀ lóòjọ́, ọkọ Ìbídùn ló sì ń wà á. Ẹni tó nìkan wá sídìí kànga, ta ló ń tò dè?

Kò rí Ṣaléwá rí. Ìyẹn gan-an ló burú, nítorí ẹni téèyàn bá rí, ó ní ibi tí ẹwà rẹ̀ mọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, Ìbídùn fún obìnrin náà ní eyín tó pínyà níwájú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fún un ní ọrùn gígùn. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì, ó ti dín ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ti kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sínú. Bó bá ṣe pé ọwọ́ ló fi ń mọ ọ́n ni, ì bá ti rẹ ọwọ́ ọ̀hún.

Ohun kan wà tó mọ̀ dájú, òun náà ni ohùn. Kí àwọn ìràwọ̀ àtọwọ́dá tó ń darí bàálù tó jábọ́ láti ojú ọ̀run, awakọ̀ a máa rí ọ̀nà rẹ̀ lójú díńgí. Nísinsìnyí, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù níwájú rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà kì í sì í tẹ̀lé nǹkan mìíràn ju ohùn ènìyàn lọ. Ìdí nìyẹn tí pápá kọ̀ọ̀kan fi ní afohùnfà. Bí bàálù bá gbéra, afohùnfà á fi ọ̀rọ̀ ẹnu tì í sọ́nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí bàálù bá ń bọ̀, á jókòó sídìí rédíò, á máa sọ̀rọ̀ láìdánudúró títí táyà á fi kan ilẹ̀. Ohun tó bá wu oníkálukú ló ń sọ. Àwọn kan ń ka ìròyìn àná, àwọn kan ń ròyìn oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ sè. Ìbídùn ní tirẹ̀, oríkì ló máa ń ki.

Ohùn yẹn ló fi fẹ́ ọkọ. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nínú ọyẹ́ tí ènìyàn ò lè rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ló fi oríkì fa awakọ̀ tuntun kan sọ̀kalẹ̀ sí Òkè-Àwòrò. Awakọ̀ náà kò tíì tú bẹ́líìtì tán tó fi sáré gun àkàbà ilé ìṣọ́, ó ní òun fẹ́ rí ẹnu tí ohùn náà ti jáde. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè kọ́ Ìbídùn ní ohun tí ohùn obìnrin ń ṣe fún ọkùnrin tó nìkan wà lójú ọ̀run.

Ní oṣù tó kọjá, ó gbọ́ ohùn kejì náà. Ó ń nu àpótí tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú bàálù ni, ọwọ́ rẹ̀ bá kan ibi tí kò yẹ kó kàn. "Àkànjí, máa bọ̀," ni obìnrin náà ń wí. "Àkànjí, mo wà níbí, máa bọ̀." Kò ṣe é bí olójúkòkòrò, kò ṣe é bí aṣẹ́wó. Jẹ́jẹ́ ni, bí ẹni tó ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ó pẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìyá Ládiméjì ti kú, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kù láyé tí Ìbídùn gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ọkùnrin náà ní Àkànjí. Ó tẹ́tí sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn àgbà ní òrìṣà jẹ́ á pé méjì, obìnrin kò dénú. Ní ti Ìbídùn, kò tiẹ̀ dé eyín.

Ní òwúrọ̀ yìí, ọkùnrin náà tún wá ń béèrè bátìrì kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kò tó wọn mọ́ nìyẹn.

Bàbá Jínádù, ẹni tó ń di ẹrù sínú bàálù, na ohùn sókè láti ìsàlẹ̀. "Ìbídùn! Ṣé kí n gbé ìkejì sí i? Atẹ́gùn yìí kò ṣeé finú tán o."

"Ọ̀kan, Bàbá! Ẹ ṣeun!"

Àpótí oògùn ibà ọmọdé nìkan ni ẹrù ọjọ́ náà. Bàálù gbéra. Ìbídùn tì í sọ́nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò ki oríkì kankan. Ìwé Òfin ló kà sí ọkọ rẹ̀ létí, abala kan tẹ̀lé èkejì, pẹ̀lú àmì ìdánudúró. Nígbà tó parí, inú rẹ̀ kò dùn tó bó ṣe rò pé yóò dùn tó.

Ó di ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gbọ̀n kí fóònù tó gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Kò mọ nọ́ńbà náà. Ó jáde sórí àkàbà, níbi tí etí Elétí kò dé.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣaléwá ni, láti Orí-Omi."

Ìbídùn fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ló fún ọ ní nọ́ńbà mi?"

"Bọ̀ọ̀dá ni. Wọ́n ní àfi tí ọ̀ràn bá le."

"Bọ̀ọ̀dá ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bínú sí mi, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Ṣé wọ́n gbé bátìrì méjì lónìí?"

"Ọ̀kan. Ohun tí Ìwé sọ nìyẹn."

"Mo gbé o!" Obìnrin náà ké. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́. Ìgbì já ṣéènì wa ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Orí-Omi ti sún. A kò sí níbi tí Ìwé sọ mọ́. Irínwó kìlómítà ó lé márùndínlọ́gọ́ta ni wá sí yín báyìí. Kò sí ẹni tó ń yípo lókè. Ọ̀nà ló gùn sí i, èmi ni mo ń kọ irọ́ sínú ìwé."

Ìbídùn di irin àkàbà mú.

"Ẹ mọ òfin," ni Ṣaléwá ń bá a lọ. "Ìlú tí bàálù kò bá lè fi bátìrì kan dé, kó sì ṣẹ́ ku ìdá kan nínú márùn-ún, wọ́n á tú u ká. Ọkọ ń lọ sí àgọ́ kan, ìyàwó ń lọ sí òmíràn. Ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn la jẹ́. Bọ̀ọ̀dá ní àwọn lè máa fi èyí tó yẹ kó ṣẹ́ kù rìn ín títí a ó fi rí ọkọ̀ ojú omi tó máa fà wá padà. Bí atẹ́gùn bá dára, ó ń tó wọn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti yí níbí. Ó le gan-an, ó sì dojú kọ wọ́n. Wọn ò lè dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀gbọ́n. Inú omi ni wọ́n máa já sí."

Ìbá dára ká sọ pé ìbẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé sọ́kàn Ìbídùn. Kì í ṣe òun.

"Oṣù mẹ́ta," ló wí. "Ó sọ fún ọ, kò sọ fún mi."

"Wọ́n ní ẹ ò mọ irọ́ í pa. Wọ́n ní tí ẹ bá mọ̀, Elétí á mọ̀."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi? Fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Kí ló dé tí o kò pè é padà fúnra rẹ?"

"Ọwọ́ yín ni àṣẹ wọn wà títí dé ìdajì ọ̀nà. Tí wọ́n bá fi lè kọjá ìdajì, kò ní sí bátìrì tí wọ́n máa fi padà. Oògùn yẹn lè dúró di ọ̀la. Ẹ pè wọ́n padà, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣaléwá. Ìwọ àti òun, ṣé—"

"Ìṣẹ́jú ń lọ, ẹ̀gbọ́n," ni obìnrin náà wí, ó sì pa fóònù.

Ìṣẹ́jú kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Ìbídùn wọlé, ó jókòó. Ìdajì ọ̀nà ni ìṣẹ́jú kọkànlélógójì.

"Òkè-Àwòrò sí Bàálù Kejìlá," ló wí sínú rédíò. "Atẹ́gùn ti yí lójú òkun. Ó le, ó sì dojú kọ yín."

Elétí ló kọ́kọ́ fèsì, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í gbóná, tí kì í tutù. "Òótọ́ ni. Kìlómítà irínwó ó lé mẹ́wàá. Bátìrì tó. Kí bàálù máa lọ."

Ìbídùn ń gbọ́ mímí Ládiméjì. Ó mọ̀ pé ọkùnrin náà ti ṣírò ọ̀nà tòótọ́ sínú, ó sì ti rí ibi tí ìṣírò náà já sí. Bó bá fúnra rẹ̀ yí padà, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí; bó bá sọ ìdí, Orí-Omi tú ká. Bó bá kọ̀ tí kò sọ ọ́, Elétí á máa bi í títí ọ̀rọ̀ á fi jáde.

"Mo ti gbọ́," ni Ládiméjì wí níkẹyìn. "Mò ń lọ."

Ohùn tó fi ń sọ pé eyín kò dun òun, nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti wú, ni.

"Ẹ padà," ni Ìbídùn wí. "Èmi afohùnfà Òkè-Àwòrò, mo pè yín padà."

"Ìbídùn, kí lo—"

"Afohùnfà tó bá pe bàálù padà gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀," ni Elétí wí. "Gbogbo pápá ló ń gbọ́. Sọ ọ́."

Ìṣẹ́jú kẹtàdínlógójì. Ìbídùn wá irọ́ kiri bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. "Ara mi kò yá. Òòyì ń kọ́ mi."

Iná pupa tàn. "Kò rí bẹ́ẹ̀," ni Elétí wí. "Bó bá tún jẹ́ irọ́, àṣẹ rẹ di asán. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan."

Ọkọ rẹ̀ sọ òótọ́ nípa rẹ̀, kò mọ irọ́ í pa, ó sì ti lọ sọ ọ́ fún obìnrin mìíràn. Ìyẹn ló tún gún un lọ́kàn, pẹ̀lú gbogbo ewu tó wà nílẹ̀ yìí. Owú kì í mọ àkókò. Ìgbà náà ló rí i pé òótọ́ kan wà lọ́wọ́ òun, òótọ́ ńlá tí kò ní kìlómítà kankan nínú. Ojú tì í kó tó la ẹnu.

"Owú ni," ló wí.

Iná àwọ̀ ewé tàn. "Ṣàlàyé."

"Owú ń jẹ mí. Obìnrin tó ń fohùn fà á ní Orí-Omi ń pe ọkọ mi ní Àkànjí. Láti oṣù mẹ́ta ni ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn ti ń dùn mí, mi ò lè jẹun, mi ò lè sùn. Ó tọrọ bátìrì kejì láàárọ̀, owú ni mo fi dù ú. Mi ò fẹ́ kó lọ bá a lónìí. Mo fẹ́ kó padà sọ́dọ̀ mi."

Iná àwọ̀ ewé kò kú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin. Láti pápá kan tí Ìbídùn kò mọ̀, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín sórí rédíò. Ẹlòmíràn ní, "Ìyàwó, pẹ̀lẹ́ o jàre," ẹ̀rín sì tún sọ láti ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìtìjú bo Ìbídùn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ẹnu kúrò nídìí rédíò.

"Òótọ́ ni," ni Elétí wí. "Àṣẹ náà dúró. Kí bàálù padà. Ṣùgbọ́n ìdí yìí kò sí nínú Ìwé. Bí táyà bá ti kan ilẹ̀, àga yìí kì í ṣe tìrẹ mọ́, o kò sì gbọ́dọ̀ fohùn fa bàálù mọ́ títí ayé."

Ìṣẹ́jú kejìdínlógójì ti kọjá. Ogójì ló kù díẹ̀ kó pé nígbà tí Bàálù Kejìlá yí padà. Ìbídùn rí i lójú àwòrán tó ń fi ọ̀nà bàálù hàn níwájú rẹ̀, àmì kékeré kan tó yí bìrí, tó kọ ẹ̀yìn sí òkun. Ó mí kanlẹ̀. Yóò wà láàyè. Lọ́la, ẹlòmíràn ni yóò jókòó síbí, Bàbá Jínádù á sì wá ọ̀nà bá ẹni náà sọ ọ̀rọ̀ bátìrì kejì.

Ṣùgbọ́n Elétí kì í bi ìbéèrè kan kó sinmi.

"Awakọ̀ Bàálù Kejìlá," ló wí. "Afohùnfà ti fẹ̀sùn kàn ọ́. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, o lè dáhùn, o sì lè dákẹ́. Ṣé àlè rẹ ni obìnrin Orí-Omi?"

Ẹ̀rín tán lórí rédíò. Gbogbo pápá ń retí.

Ìbídùn ranjú mọ́ iná méjèèjì. Rárá kan péré. Kí ó ṣáà wí rárá, kí iná àwọ̀ ewé tàn, kí òun lè sùn lálẹ́ òní fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta. Ó sì mọ̀, bó ṣe ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀, pé kò gbọ́dọ̀ wí i. Bó bá ní rárá, ìbéèrè tó kàn ni pé kí wá ni ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án náà, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn ló wà lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ó ń gbọ́ mímí ọkọ rẹ̀ nínú rédíò, ó ń gbọ́ bó ṣe fa èémí sínú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ládiméjì dákẹ́.

"A ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dákẹ́," ni Elétí wí. "Ọ̀rọ̀ tán. Afohùnfà, fa bàálù rẹ sílé."

Abẹ́rẹ́ kò lè tẹ̀lé ẹkún, nítorí náà Ìbídùn kò sunkún. Ó gbé ẹnu súnmọ́ rédíò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá ti wá sẹ́nu: oòrùn tó mú lórí pápá, ewúrẹ́ Bàbá Jínádù tó tún já wọ oko ẹ̀gẹ́, aṣọ tó sá sílẹ̀ láàárọ̀ tí kò tíì ká. Àmì kékeré náà ń bọ̀ lójú àwòrán, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Ó mọ ìdí tí ọkọ rẹ̀ fi dákẹ́. Ìdí kan ló mọ̀. Bóyá òun nìkan ni ìdí tó wà, tàbí òmíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀, kò mọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ bi í níbikíbi tí Elétí bá wà. Ó lè bi í nílé. Ládiméjì á dáhùn, á dì í lọ́wọ́ mú, á wò ó lójú, á sì ní rárá. Ṣùgbọ́n nílé, kò sí iná kankan tó máa tàn.